Bánkì Yín Kú Bí Iná àbí Ó Kú Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀? Bí Ẹ Ṣe Máa Tọpa Owó Yín

Nígbà tá à ń kó ẹrù màmá mi kúrò ní Abẹ́òkúta wá sọ́dọ̀ mi, àárín àdìrẹ méjì tí wọ́n ká sí ìsàlẹ̀ àpótí la ti rí páàsìbúùkù kan, èèpo ẹ̀ aláwọ̀ búlúù, eku ti jẹ etí ẹ̀ kan, òǹtẹ̀ pupa wà lórí ìlà tó kẹ́yìn, oṣù kọkànlá 1996, ₦11,400, akọ̀wé bánkì fi báírò kọ ọ́ ó sì sáìn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká jù ú nù, pé bánkì yẹn ti kú tipẹ́. Màmá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí ìró nu iwájú ẹ̀, wọ́n tún dá a padà fún mi. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tọpa bánkì yẹn, ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ilé tí irú ìwé báyìí wà pọ̀ jọjọ, àwọn èèyàn sì ń pàdánù owó wọn nítorí pé wọn ò rí orúkọ bánkì yẹn lójú títì mọ́.

Àkọ́kọ́: ẹ kọ ohun tó wà lára ìwé, ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ rò

Ẹ wá ìwé kan, kì í ṣe fóònù nìkan o, fóònù máa ń sọnù. Ẹ kọ orúkọ bánkì náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́ níwájú páàsìbúùkù tàbí lára sọ̀wédowó, ẹ kọ ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ tí ẹni yẹn ń jẹ́ nígbà yẹn (ẹ̀yin obìnrin ẹ fojú sí èyí dáadáa, orúkọ ilé bàbá àti orúkọ ilé ọkọ kì í ṣe ẹnì kan náà lójú bánkì), lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí owó wọlé tàbí jáde níbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí bánkì Nàìjíríà kì í sábà kú lẹ́yọ lẹ́yọ, ìgbà-ìgbà ni wọ́n ń kú bí adìẹ tí lúkúlúkú wọ agbo wọn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìgbà tí owó yẹn wà níbẹ̀, ẹ ti mọ àjàkálẹ̀ tó ṣeé ṣe kó pa bánkì náà. Èyí tí àwọn òbí wa rántí jù ni ti àárín ọdún 1990 sí 1999, tó dójú ẹ̀ pátápátá ní 16 oṣù kìíní 1998, ọjọ́ kan ṣoṣo tí CBN, bánkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ bánkì 26. Lẹ́yìn náà ni ti Soludo, gómìnà CBN nígbà yẹn, oṣù keje 2004 ló kéde pé kí bánkì kọ̀ọ̀kan gbé owó ìpìlẹ̀ ẹ̀ láti ₦2 bílíọ̀nù dé ₦25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí, bánkì 89 ló wọ inú eré yẹn, 25 ló jáde.

Ti Sanusi, gómìnà CBN tó rọ́pò Soludo, ló tẹ̀lé e, òun ló sì le jù nínú gbogbo èyí tójú mi rí. Àwọn bánkì ti yá àwọn èèyàn lówó kí wọ́n fi ra ṣíà, wọ́n tún yá àwọn oníṣòwò epo ní owó tó pọ̀, nígbà tí ọjà ṣíà wó ní 2008 tí owó epo rọ̀bì náà já wálẹ̀, lóònù ò padà wálé mọ́. Ní 14 oṣù kẹjọ 2009 CBN lé ọ̀gá bánkì márùn-ún kúrò lórí àga lẹ́ẹ̀kan náà, ti Oceanic, Intercontinental, Union, Afribank àti FinBank, nígbà tó di 2 oṣù kẹwàá wọ́n fi mẹ́ta kún un, Bank PHB, Spring Bank àti Equitorial Trust. ₦620 bílíọ̀nù ni CBN rọ́ sínú àwọn mẹ́jọ̀ọ̀jọ kí wọ́n má baà dojú dé. Àwọn tó kàn lẹ́yìn ẹ̀ ni Skye ní 2018 àti Heritage ní 2024.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì: irú ikú wo ló pa á?

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú á fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú á fi ọmọ ẹ̀ rọ́pò, bánkì náà ò sì yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ ti àtijọ́, wọ́n á dá tuntun sílẹ̀ lórí gbòǹgbò kan náà, wọ́n á kó gbogbo àkáǹtì tòun towó inú ẹ̀ fún tuntun, ilé kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà, pátákó ìta àti àwọ̀ ọ̀dà ló máa yàtọ̀. Bridge bank ni wọ́n ń pè é, afárá tí owó gbà kọjá odò. Ní 5 oṣù kẹjọ 2011 bó ṣe rí nìyẹn, Afribank di Mainstreet, Bank PHB di Keystone, Spring Bank di Enterprise. Ní 21 oṣù kẹsàn-án 2018 Skye náà di Polaris. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀, kọ́bọ̀ ẹ̀ ò dín. Àwọn tó ní ṣíà nínú ti àtijọ́ ni wọ́n sunkún, torí ṣíà kì í bá wọn sọdá afárá yẹn.

Tó bá jẹ́ ikú iná, kò sí àrólé kankan. CBN gba láìsẹ́ǹsì, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdúró fún owó tí èèyàn fi sí bánkì, sì wọlé láti wá pín ogún òkú náà, wọ́n á ta ilé, ta mọ́tò, lé àwọn tó jẹ gbèsè. Bí ti Heritage ṣe rí ní 3 oṣù kẹfà 2024 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn 26 ti 1998.

Èyí tí kì í ṣe ikú rárá wà, ìgbéyàwó ni. Bánkì kan ra òmíràn, ìyàwó wọ ilé ọkọ, ó ń jẹ́ orúkọ ọkọ, gbogbo ẹrù ẹ̀ sì bá a lọ, gbèsè ẹ̀ náà bá a lọ. Intercontinental wọ ilé Access, Oceanic wọ ilé Ecobank, FinBank wọ ilé FCMB, Equitorial Trust wọ ilé Sterling, nígbà tó di 2019 Diamond náà wọ ilé Access, títí di òní ẹ máa rí i nínú áàpù mìíràn tí wọ́n ṣì ń kọ Access, kí wọ́n wá fi Diamond sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Níbí, àwọn tó ní ṣíà sábà máa ń gba ṣíà díẹ̀ nínú ilé ọkọ, torí náà ẹ má ju ìwé ṣíà Oceanic tàbí Intercontinental nù o, ẹ gbé e lọ bá registrar (ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé àwọn tó ní ṣíà) ilé ọkọ tí wọ́n wọ̀.

Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé ọ̀gá ni wọ́n lé, ilé ò wó. 10 oṣù kìíní 2024 CBN tú ìgbìmọ̀ tó ń darí Union, Keystone àti Polaris ká, ọ̀pọ̀ èèyàn sáré lọ gba owó, ṣùgbọ́n àwọn bánkì yẹn ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé CBN dá sí bánkì kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, ṣé láìsẹ́ǹsì ni wọ́n gbà àbí àga ọ̀gá ni?

Ibi tí èmi gan-an ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyí. Ẹnì kan sọ fún mi pé bánkì màmá mi ti bá bánkì ńlá kan ṣe ìdàpọ̀, mo gbé páàsìbúùkù lọ síbẹ̀, akọ̀wé yẹn yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, mo padà, ó ní kí n mú ìwé ìbúra wá, mo mú un wá, ìgbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin ni obìnrin àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn kántà rí orúkọ iwájú ìwé náà tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ò wá sọ́dọ̀ wa o, èyí wà lára àwọn ti 1998.” Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ. Ká ní mo ti wo irú ikú tó pa á ni, ọ̀dọ̀ NDIC ni ǹ bá kọ́kọ́ gbà.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta: ẹ fa ìlà ìdílé bánkì náà títí dé òní

Bánkì míì kú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín báyìí, torí náà ẹ má dúró lórí orúkọ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ fa ìlà, ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ọdún, ẹ kọ irú ikú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ bọ́ sí èyí tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ará Oǹdó tó ní ìwé Owena Bank. Owena yí orúkọ padà ó di Omega Bank. Nígbà tí Soludo dé, Omega bá márùn-ún mìíràn dara pọ̀, wọ́n di Spring Bank, African Continental Bank àti Trans International Bank wà lára wọn. Spring kú ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní 2011, ó di Enterprise Bank. 2014, Heritage ra Enterprise. 2024, Heritage kú ikú iná. Ẹ ò rí nǹkan! Owó tí bàbá kan fi pamọ́ ní Àkúrẹ́ ti gba ilé mẹ́rin kọjá kó tó dé ọwọ́ NDIC, ọmọ tó bá sì lọ wá Owena kiri lónìí á ní kò sí níbì kankan.

Ti àwọn ará Ìbàdàn náà nìyí, àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ń lo Co-operative Bank. Ní àkókò Soludo, ó bá Prudent, Bond, EIB International àti Reliance dara pọ̀, wọ́n di Skye. Skye di Polaris. Ẹ̀ka Polaris tó bá sún mọ́ yín lẹ máa gbé ìwé yẹn lọ. Ẹni tó ní ìwé Afribank náà, ibẹ̀ kan náà ló ń lọ, torí Afribank di Mainstreet, Skye ra Mainstreet ní 2014, ẹ ti mọ ìyókù. Nǹkan kékeré kan tún wà tó máa ń ràn mí lọ́wọ́, kóòdù bánkì lórí ẹ̀rọ, Skye ń lo 076, Polaris náà 076 ló ń lò. Orúkọ lè yí padà kí nọ́ńbà má yí.

National Bank tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933 ńkọ́? Wema ló gbà á wọlé ní 2005, Wema fúnra ẹ̀ sì ni Agbonmagbe Bank ti 1945. Èyí rọrùn.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ lọ jẹ́rìí sí i

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ èèyàn nìkan ṣe é, títí kan èyí tí mò ń kọ yìí. Ojú ewé CBN ní àkójọ àwọn bánkì tó ní láìsẹ́ǹsì, tí orúkọ kan ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ó ti kú tàbí ó ti lọ́kọ nìyẹn. Ojú ewé NDIC ní ti àwọn tí wọ́n ń pín ogún wọn. Tí bánkì yẹn bá wà ní ọjà ṣíà, ẹ wo ìkéde ẹ̀ ní NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà. Àwọn microfinance bank, bánkì kéékèèké, ńkọ́, ẹ ṣọ́ra gan-an, oṣù karùn-ún 2023 CBN gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ 132 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà ni kò sì gbọ́.

Mo rí nǹkan kan nígbà tí mo kọ gbogbo déètì yìí sí ojú ewé kan tí mo wá wo kàlẹ́ńdà. 16 oṣù kìíní 1998, ọjọ́ Ẹtì. 14 oṣù kẹjọ 2009, ọjọ́ Ẹtì. 2 oṣù kẹwàá 2009, ọjọ́ Ẹtì. 5 oṣù kẹjọ 2011, ọjọ́ Ẹtì. 21 oṣù kẹsàn-án 2018, ọjọ́ Ẹtì náà. Wọ́n máa ń fẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ fún wọn láàyè láti yí pátákó padà kí èrò tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ti Heritage nìkan ló bọ́ sí ọjọ́ Ajé nínú àwọn ńlá tí mo kà sílẹ̀.

Ẹ wá lọ gba owó

Tó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ àrólé lẹ ń lọ, ẹ gbé páàsìbúùkù tàbí sọ̀wédowó, káàdì ìdánimọ̀ àti BVN dání, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ jí àkáǹtì tó ti sùn. Tí wọ́n bá sọ pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, ẹ má bínú lọ sílé, oṣù keje 2024 CBN ṣòfin pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọdún 10, kí wọ́n kó owó inú ẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, olówó ṣì lè gbà á padà, ọwọ́ bánkì yẹn náà lẹ sì máa ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ikú iná, NDIC ni. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Èkó, ní Ìlọrin àti láwọn ìlú mìíràn. Iye tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ san ní òdiwọ̀n: ₦50,000 ni ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó di ₦200,000, ó di ₦500,000 ní 2010, láti oṣù karùn-ún 2024 ó ti di ₦5 mílíọ̀nù fún bánkì ńlá, ₦2 mílíọ̀nù fún microfinance. Ọ̀pọ̀ áàpù tẹ́ ẹ fi ń gbowó lórí fóònù, láìsẹ́ǹsì microfinance ni wọ́n ń lò, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé wọn kẹ́ ẹ rí i. Ẹ tún gbọ́ èyí: savings yín, current yín, gbogbo ẹ̀ka tẹ́ ẹ ti ṣí àkáǹtì nínú bánkì kan náà, wọ́n á rò ó pọ̀ di ọ̀kan. Pínpín owó sí ẹ̀ka méjì ò ràn yín lọ́wọ́, bánkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè ràn yín lọ́wọ́.

Èyí tó bá lé lórí òdiwọ̀n, ẹ máa dúró kí wọ́n ta ẹrù òkú. Ti Heritage, ìpín àkọ́kọ́ tí NDIC kéde ní 2025 jẹ́ kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kan. Ká ní ẹ ní ₦15 mílíọ̀nù níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba mílíọ̀nù márùn-ún, ìpín yẹn lórí mẹ́wàá tó kù á wá jẹ́ ₦920,000. Ó dunni, ṣùgbọ́n ìpín àkọ́kọ́ ni, ẹ má ju ìwé yín nù. Tí ẹni tó lówó bá ti kú, ẹ gba ìwé àṣẹ lórí ogún ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má lọ ṣayédèrú sígínéṣọ̀ olóògbé, torí Ọlọ́run.

Ẹni tó yáwó ńkọ́? Gbèsè kì í bá bánkì kú. Àrólé á béèrè ẹ̀, NDIC á béèrè ẹ̀, AMCON tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010 láti ra àwọn lóònù tó ti bàjẹ́ náà á béèrè ẹ̀.

Màmá mi, owó wọn wà lábẹ́ ₦50,000, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n san. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, sígínéṣọ̀ ò jọ ti 1996 mọ́, àtàǹpàkò ni wọ́n tẹ̀. Nígbà tí alẹ́ẹ̀tì wọlé mo kà á fún wọn, wọ́n ní kí n tún un kà. Owó tó lè ra ọ̀pọ̀ nǹkan nígbà kan, kò ra nǹkan gidi mọ́ lónìí, àmọ́ wọ́n ní kí n pín in sí mẹ́ta fún àwọn ọmọ-ọmọ, pé kí wọ́n mọ̀ pé ìyá àwọn ò purọ́ nígbà tó ní òun lówó ní bánkì.

Tí rògbòdìyàn bá ṣì ń lọ lọ́wọ́

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ó rọrùn jù kẹ́ ẹ máa ṣe é nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ju lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún lọ. CBN tún gbé owó ìpìlẹ̀ sókè ní 2024, ₦500 bílíọ̀nù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún àwọn tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè, ₦50 bílíọ̀nù fún ti agbègbè, 31 oṣù kẹta 2026 ni gbèdéke tí wọ́n fún wọn. Ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Soludo, irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀.

Ẹ ya ojú ewé kan sí òpó mẹ́rin: orúkọ bánkì tẹ́ ẹ ní owó sí, ohun tí CBN sọ, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ibi tí owó wà báyìí. Ẹ tẹ statement yín jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú fáìlì, torí áàpù lè má ṣí mọ́ lọ́jọ́ tí bánkì bá kú. Tí àtẹ̀jáde bá dé sórí WhatsApp pé bánkì mélòó kan fẹ́ kú, ẹ wo déètì ẹ̀, lẹ́yìn tí Heritage kú irú ẹ̀ fò káàkiri, CBN sì jáde wá ní irọ́ ni. Tí ẹnì kan bá pè yín pé nítorí ìdàpọ̀ kẹ́ ẹ sọ PIN tàbí OTP yín kí àkáǹtì má baà tì, olè ni, ẹ pa fóònù. Àrólé kì í béèrè PIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sọ èyí fún àwọn ìyá yín, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní London tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé náà, torí àwọn gan-an ni àwọn olè yẹn ń lé.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni èmi máa ń wo ti wa, nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Màmá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú ife ògì wọn, wọ́n á ní, “Ṣé wọ́n ṣì wà?” Mo máa ń wo ojú ewé CBN tán kí n tó dá wọn lóhùn pé wọ́n wà.